Ẹsẹ̀ Ń Rìn, Ẹ̀jẹ̀ Ń Jẹ́rìí: Ẹ̀kọ́ Lára Kàyótì Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ó lè ya yín lẹ́nu pé àlùfáà ni ó ń kọ̀wé nípa ẹranko igbó nínú ìwé àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Púpọ̀ nínú yín, tàbí nínú àwọn ọmọ yín, ni ó ń gbé ní Houston, Chicago, Atlanta àti agbègbè New York lónìí. Àwọn wọ̀nyí ń gbọ́ ohùn kan lóru lẹ́yìn ilé wọn, ohùn tí ó dà bí ìgbà tí ajá ń sunkún tí ọmọdé sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Kàyótì ni ẹranko tí ó ni ohùn yẹn. Ohun tí àwọn ènìyàn sì máa ń béèrè nípa rẹ̀ ni pé: ṣé ìkookò ni, ṣé ajá ni, níbo ni ó ti wá? Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ ti fi ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí, ọ̀nà tí wọ́n gbà wá a ni a sì fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ wa. Ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n pè: ẹsẹ̀ ẹranko náà àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń sọ ibi tí ó lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń sọ ẹni tí ó bí i àti ibi tí òun náà bímọ sí. Ẹ ó rí i pé ẹ̀rí àwọn méjèèjì kì í bá ara mu nígbà gbogbo.

Kàyótì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé ajá. Ó tóbi ju kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ, kò sì tó ìkookò; ìwọ̀n rẹ̀ máa ń wà láàrin 9 kg àti nǹkan bí 20 kg. (Ìkookò tí a ń sọ níhìn-ín ni èyí tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì, ìbátan ajá tí ń dọdẹ àgùntàn. Ìkookò ọ̀dàn ilẹ̀ Áfíríkà, tí ń jẹ òkú ẹran, tí ohùn rẹ̀ sì dà bí ẹ̀rín, jẹ́ ẹranko mìíràn pátápátá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni àwa Yorùbá ń pe àwọn méjèèjì.) Àwọn Nahua ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é ní coyotl, àwọn ará Sípéènì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ ará Sípéènì. Ní ọdún 1823, Thomas Say, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fún un ní orúkọ Látìnì tí ìwé ìmọ̀ ń lò títí di òní: Canis latrans, èyí tí ó túmọ̀ sí ajá tí ń gbó.

Ní ayé ìgbà tí Say fi sọ ọ́ lórúkọ, ilé kàyótì ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti aṣálẹ̀ àárín àti ìwọ̀-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà, títí wọ inú ilẹ̀ Mẹ́síkò. Kò sí ní New York, kò sí ní Georgia. Lónìí, ó wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà àfi Hawaii. James Hody àti Roland Kays fi egungun àti awọ tí ó wà nípamọ́ nínú mùsíọ́ọ̀mù, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ àtijọ́, ya àwòrán ilẹ̀ ìrìn-àjò náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018. Ohun tí wọ́n rí ni pé láti àwọn ọdún 1950, ilẹ̀ tí kàyótì ń gbé ti fẹ̀ sí i ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Ènìyàn ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. A pa ìkookò tán ní ìlà-oòrùn, bẹ́ẹ̀ ìkookò ni ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́. A gé igbó kìjikìji, bẹ́ẹ̀ pápá gbalasa ni ó fẹ́ràn. Òkun pàápàá kò dá a dúró. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ó gba orí yìnyín tí ó bo omi rìn dé erékùṣù Newfoundland ní Kánádà.

Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbógun tì í. Ìjọba Amẹ́ríkà fi májèlé sínú òkú ẹran fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Ààrẹ Nixon fi fòfin de irú májèlé bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní 1972. Pàkúté àti ìbọn kò dáwọ́ dúró ní tiwọn. Ẹ̀ka kan lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ ṣì ń pa èyí tí ó lé ní 60,000 ní ọ̀pọ̀ nínú ọdún tí ó kọjá wọ̀nyí, nítorí àgùntàn àti ọmọ màlúù tí kàyótì ń pa jẹ. A kò ní fi ojú olùṣọ́-àgùntàn gbolẹ̀. Ẹni tí ó bá jí lówùúrọ̀ bá ọmọ àgùntàn mẹ́ta nílẹ̀ kò ní àyè láti gbọ́ ìtàn orúkọ Látìnì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní ná, kí á tó mọ̀ bóyá pípa náà ń tún nǹkan ṣe fún un.

Ìlú Chicago ni iṣẹ́ nípa ẹsẹ̀ kàyótì ti fìdí múlẹ̀ jùlọ. Láti ọdún 2000 ni Stanley Gehrt, olùkọ́ ní Ohio State University, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń mú kàyótì inú ìlú náà láàyè; iye tí wọ́n ti mú, tí wọ́n sì fi àmì sí lára, ti lé ní 1,000. Wọ́n á wọn ẹranko náà, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n á de ìgbànú kékeré tí ẹ̀rọ rédíò wà lára rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n á sì dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un. Ẹ̀rọ náà ń ké sí ẹni tí ó di agbóhùn rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn kan, tí ó jẹ́ ti GPS, ń kọ ibi tí ẹranko náà dé sílẹ̀ fúnra wọn, wákàtí dé wákàtí.

Ohun tí ẹ̀rọ wọ̀nyí sọ ni pé irú kàyótì méjì ni ó wà nínú ìlú. Àwọn kan jẹ́ onílẹ̀: akọ kan, abo kan, àti àwọn ọmọ wọn, lórí ilẹ̀ tí kò ju nǹkan bí 5 km² lọ, tí wọ́n fi ìtọ̀ sàmì sí ààlà rẹ̀, tí wọ́n sì ń lé àjèjì kúrò lórí rẹ̀. Àwọn yòókù jẹ́ alárìnkiri tí kò ní ilẹ̀ tàbí ẹnìkejì. Wọ́n ń dá rìn káàkiri ibi tí ó tó nǹkan bí 27 km², wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá, wọ́n ń retí àyè tí yóò ṣí sílẹ̀. Òru ni wọ́n sábà ń rìn. Ojú irin rélùwéè ni ọ̀nà wọn, títì ọkọ̀ sì ni ibojì wọn, nítorí pé ọkọ̀ ni ó ń pa kàyótì Chicago ju ohunkóhun lọ. Ní 2007, ọ̀kan wọ inú ilé ìtajà oúnjẹ kan láàrin gbùngbùn ìlú lọ́sàn-án gangan, ó sì dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù láàrin àwọn ìgò ohun mímu, títí wọ́n fi wá gbé e. Ẹ̀rín ni àwọn ènìyàn fi í rín. Ní tiwa, kò sí ohun tí ó jọ alárìnkiri tí ó ń wá ilé ju ìyẹn lọ.

Wọ́n yẹ ìgbẹ́ wọn wò láti mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Eku ni ó gba iwájú, lẹ́yìn náà èso igi, àgbọ̀nrín àti ehoro. Oúnjẹ ààtàn kò tó nǹkan. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lọ́hùn-ún, ẹ má ṣe fi oúnjẹ sílẹ̀ fún un, torí kàyótì tí ènìyàn bá ń bọ́ ni ó sábà máa ń padà di ewu. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ má ṣe sáré. Ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ pariwo, yóò lọ. Ajá kékeré ni kí ẹ máa mú wọlé lálẹ́.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn pípa ti wọlé. Bí ọdẹ bá pa onílẹ̀, ilẹ̀ ṣófo, alárìnkiri tí ó ti ń retí a sì wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó pa kàyótì tí kò fọwọ́ kan àgùntàn rí lè ti ṣí ilẹ̀kùn fún àjèjì tí yóò fọwọ́ kàn án. A gbà pé olùṣọ́-àgùntàn ní ẹ̀tọ́ láti mú ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n kí a máa yìnbọn sí gbogbo ìran nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan, a kò rí èrè rẹ̀ nínú ohun tí ìwádìí wọ̀nyí fi hàn.

Ẹ jẹ́ kí á pe ẹlẹ́rìí kejì wàyí. Inú wa dùn láti rán yín létí pé ẹni tí ó ṣí ojú ayé sí ìmọ̀ nípa àbùdá àjogúnbá jẹ́ ẹni ìjọ: Gregor Mendel, àlùfáà inú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ẹ̀sìn ní ìlú Brno, tí ó gbin ẹ̀wà sí ọgbà ilé náà, tí ó ka àwọ̀ àti ìrísí èso wọn láti ìran dé ìran, tí ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1866. Kò sí ẹni tí ó kà á sí títí ó fi kú. Ohun tí ó fojú inú rí ni a ń fojú ẹ̀rọ rí lónìí nínú DNA, ìwé ìran tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, nínú irun, àti nínú ìgbẹ́ pàápàá. Láyé àtijọ́, àgbàlagbà Yorùbá a wo ojú àlejò, a rí àbàjà tàbí pélé, a sì mọ ìlú àti ìdílé tí ó ti wá. DNA dà bí ilà tí olóólà kò kọ: ìdajì rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Apá kékeré kan tún wà tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni a ti ń jogún rẹ̀, èyí tí ó ń jẹ́ kí onímọ̀ lè tẹ̀lé ìyá dé ìyá-ìyá láì ṣìnà.

Ní Chicago, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ yẹ ìdílé kàyótì wò. Wọ́n ṣàyẹ̀wò ọmọ 96 láti inú ìdí ọmọ 18, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí baba rẹ̀ jẹ́ akọ mìíràn yàtọ̀ sí ọkọ ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ tí a ti ń yìn fún irú ìṣòtítọ́ yìí ni DNA ti tú àṣírí wọn. Ti kàyótì dúró gbọn-in. Àwa tí a ń so ènìyàn pọ̀ nínú ìgbéyàwó mímọ́ kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí kókó yìí.

Ní gúúsù California ni ẹlẹ́rìí méjèèjì ti ta ko ara wọn. Òpópónà márosẹ̀ kan wà nítòsí Los Angeles tí a ń pè ní Ventura Freeway, tí ọkọ̀ tí ń gba orí rẹ̀ lójúmọ́ lé ní 100,000. Seth Riley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọdún méje tẹ̀lé kàyótì àti ológbò igbó tí a ń pè ní bobcat ní ìhà méjèèjì márosẹ̀ yìí, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2006. Ẹ̀rọ ọrùn sọ pé àwọn ẹranko ń kọjá: láàrin ìdá 5 àti ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ni ó kọjá ní gbogbo ọdún méje náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí nìkan yóò sọ pé márosẹ̀ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí àwọn amojú-ẹ̀rọ máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀, àwọn tí ó wà ní ìhà àríwá àti àwọn ti ìhà gúúsù ti ń di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé wọn kò mọ ara wọn rí. Báwo ni ẹsẹ̀ ṣe lè kọjá kí ẹ̀jẹ̀ má kọjá?

Ìdáhùn wọn ni pé ẹni tí ó kọjá kì í sábà bímọ. Àwọn onílẹ̀ ti sọ etí márosẹ̀ di ààlà wọn, wọ́n fún pọ̀ síbẹ̀ bí ilé tí ó kọjú sí títì, kò sí àyè láàrin wọn. Ọ̀dọ́ kàyótì tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu láàrin ọkọ̀ yóò dé òdìkejì, òórùn ìtọ̀ onílẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ó kọjá títì, kò rí ilẹ̀. Kò rí ilẹ̀, kò rí aya. Kò rí aya, ìran rẹ̀ parí sí ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ òbí tí ọmọ rẹ̀ ti ré òkun kọjá mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí a dé ilẹ̀ kan, ọ̀tọ̀ ni kí a rí ìdí jókòó níbẹ̀. Ìwádìí irú èyí wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ afárá ẹranko kan sórí márosẹ̀ kan náà ní Liberty Canyon ní oṣù kẹrin ọdún 2022, afárá tí wọ́n ṣètò láti da erùpẹ̀ sí, kí wọ́n sì gbin igi àti koríko sí i, kí ó lè dà bí ara òkè. Ẹkùn òkè ni wọ́n kọ́ ọ fún jùlọ. Kàyótì yóò jẹ nínú rẹ̀.

Ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, ẹ̀jẹ̀ sọ ohun tí ẹsẹ̀ kò lè sọ rárá. Ọ̀nà méjì ni kàyótì gbà dé ibẹ̀. Àwọn kan gba òkè àwọn adágún ńlá kọjá nínú ilẹ̀ Kánádà. Àwọn mìíràn gba ìsàlẹ̀ wọn. Ní 2010, Kays àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa DNA kàyótì 686 àti agbárí 196. Àwọn tí ó gba Kánádà ti bá ìkookò tí ó ṣẹ́ kù níbẹ̀ bímọ lójú ọ̀nà. Àwọn tí ó gba ìsàlẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Agbárí àwọn ti Kánádà tóbi sí i, wọ́n lè pa àgbọ̀nrín, ìyára tí wọ́n sì fi tàn kálẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún ti àwọn yòókù. DNA ìhà ìyá wọn tún fi hàn pé abo díẹ̀ péré tí ó la odò Saint Lawrence kọjá ni ìyá ńlá gbogbo wọn. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ, ṣùgbọ́n ewé kò parẹ́ nínú rẹ̀: ìkookò tí a ti pa tán ní New York padà wọ igbó rẹ̀ nínú ara ọmọ ọ̀tá rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá bi yín ní agbègbè náà bóyá kàyótì ni tàbí ìkookò, ẹ dá a lóhùn pé kàyótì ni, tí ó ní ìkookò ní ìhà ìdílé rẹ̀ kan.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti kan ilẹ̀ Áfíríkà tiwa pẹ̀lú. Ẹranko kan wà tí ó jọ ajáko, láti Senegal dé Íjíbítì títí lọ sí Tanzania, tí gbogbo ìwé ń pè ní ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú ajáko ilẹ̀ Éṣíà. Ní 2015, DNA fi hàn pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, ó sì sún mọ́ ìkookò àti kàyótì ju bí ó ṣe sún mọ́ ajáko Éṣíà tí ó jọ lọ. Ojú ti ń tan wá jẹ láti ìgbà pípẹ́.

Ọ̀ràn tí ó kàn wá lọ́kàn jùlọ ni ti ìkookò pupa. Ó ti gbilẹ̀ rí ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó run ní àwọn ọdún 1970, tí ìyókù sì ń bá kàyótì bímọ ní etíkun Texas àti Louisiana, ìjọba kó àwọn tí ó kù jọ kí wọ́n lè máa sìn wọ́n. Kò tíì sí ọ̀nà láti ka DNA bí a ti ń kà á lónìí, nítorí náà agbárí, ìwọ̀n ara àti ohùn igbe ni wọ́n fi ṣèdájọ́ èyí tí ó jẹ́ ìkookò tòótọ́. Mẹ́rìnlá péré ni ó di bàbá àti ìyá gbogbo ìkookò pupa tí ó wà láyé nínú àkọsílẹ̀. Ní 1980 wọ́n kéde pé kò sí i nínú igbó mọ́. Ní 1987 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá díẹ̀ padà sí igbó ní North Carolina. Kàyótì tún bá wọn níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó wá ta ọgbọ́n kan tí a ti rí gbòǹgbò rẹ̀ ní Chicago: wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kàyótì onílẹ̀ kí ó má lè bímọ mọ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀ kí ó máa lé àwọn kàyótì yòókù, títí ìkookò yóò fi rí àyè gbà á.

Láàrin èyí, ní erékùṣù Galveston, tí kò jìnnà sí Houston, ará ìlú kan rí i pé àwọn kàyótì agbègbè òun kò fi bẹ́ẹ̀ jọ kàyótì. Ó ya àwòrán wọn, ó tọ́jú ẹran ara díẹ̀ láti ara àwọn tí ọkọ̀ pa lójú títì, ó sì ń kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ títí ó fi rí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Bridgett vonHoldt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Princeton ni ó ka DNA náà, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2018. Àbùdá ìkookò pupa wà lára wọn. Ó tilẹ̀ wà nínú rẹ̀ èyí tí a kò rí lára ẹranko ìdílé ajá mìíràn tí wọ́n fi wé e, títí kan ọmọ àwọn mẹ́rìnlá yẹn. Fún nǹkan bí ogójì ọdún ni ogún ìran tí gbogbo ayé rò pé ó ti sọnù fi ń rìn kiri láàrin ilé àwọn ènìyàn, tí à ń pè é ní kàyótì, tí ọkọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ pa. Òfin ń dáàbò bo ìkookò pupa. Kò dáàbò bo kàyótì. Kí ni ká wá pe àwọn ti Galveston níwájú òfin? Àwọn amòfin àti àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Ní ojú tiwa, kò yẹ kí ohun tí a kò tíì rí orúkọ fún ṣègbé nítorí pé kò ní orúkọ, ọkọ̀ kò sì ní dúró de ìgbà tí ìjíròrò yóò parí.

Kàyótì fúnra rẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ti gba Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà kọjá dé Panamá, ó ti ré ọ̀nà omi tí ọkọ̀ òkun ń gbà níbẹ̀ kọjá, àwọn kámẹ́rà tí a de mọ́ igi sì ti ya àwòrán rẹ̀ nítòsí igbó Darién. Láti ìhà kejì, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ajakàn ti Gúúsù Amẹ́ríkà ń gòkè bọ̀, òun náà ń tẹ̀lé ibi tí wọ́n ti gé igi. Igbó Darién ni ó kù tí ó ya kàyótì àti gbogbo Gúúsù Amẹ́ríkà sọ́tọ̀, àwọn ènìyàn sì ń gé igbó náà lọ láti etí rẹ̀.